Ẹni Tí Yóò Máa Ya Irun Ajá Morádéyọ̀

Èmi, Ambrose Adéjọbí Àríyọ̀, káfíńtà, ọmọ Igbodigo nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ni mo kọ ìwé yìí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Orí mi pé, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. Alàgbà Benedict ti ìjọ Aládùúrà wa ni yóò mú un ṣẹ lẹ́yìn ikú mi. Dora, ọmọ mi kan ṣoṣo, ìwọ tí o wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

1. Ilé mi ní Igbodigo di ti Dora. Kò gbọdọ̀ tà á.

2. Oko ọ̀pẹ mi ní Erinje di ti Vincent, ọmọ Aníwúrà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ayùn, ìfági àti òòlù mi di tirẹ̀ pẹ̀lú. Ó máa ń gbàgbé ayùn sínú òjò. Kí Alàgbà bá mi kìlọ̀ fún un.

3. Tanímọ̀la, ajá Morádéyọ̀ ìyá rẹ, di ti Aníwúrà. Dora, fara balẹ̀ kà á tán.

O ti lọ kí tíṣà òyìnbó tó fún ìyá rẹ ní ajá náà nígbà tí tíṣà náà ń padà sí ìlú rẹ̀ ní 1966. Ó ní Ṣáínà ni ìran rẹ̀ ti wá, pé inú ààfin ni wọ́n ti ń sìn wọ́n. Kò wúwo ju àkùkọ méjì lọ. Imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ yọ síta, irun rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Kò lè ṣọdẹ, ó sì lágídí. Bó bá ń mí, a máa hanrun bí àgbàlagbà tó sùn.

Híhanrun yẹn ló dájà sílẹ̀. Ní 1969, Aníwúrà gbọ́ ọ, ó rò pé gìrì ni, ó sì da àdí sí i lọ́fun. Díẹ̀ ló kù kí ajá kú. Ìyá rẹ lé Aníwúrà jáde, wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìyá rẹ fi kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìwọ náà kọ̀wé pé o kò fẹ́ rí Aníwúrà nílé wa mọ́. N kò dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n o kò tíì pé ọdún kan nígbà tí gìrì mú ọ, àdí ọwọ́ Aníwúrà yìí kan náà la fi tọ́jú rẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ajá kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin mo bá Aníwúrà nílẹ̀ ilé ìdáná, ó ń yọ egungun ẹja. Ó ní, “Jẹun, ọmọ Morádéyọ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ èmi náà.” Ajá sì jẹun.

4. Kí Alàgbà ka èyí sí Aníwúrà létí. Ẹ má so okùn mọ́ ajá lọ́rùn, ojú rẹ̀ lè yọ; àyà ni kí ẹ fi okùn gbà. Ẹ má gbé e sóòrùn ọ̀sán. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ má jẹ́ kó fò sílẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Ẹ má fún un ní egungun adìẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kò sí àdí mọ́.

5. Dora, yàrá ìyá rẹ ni Aníwúrà yóò máa gbé títí ajá náà yóò fi kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e.

6. Kóòmù tí ìyá rẹ fi ń ya irun ajá wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo fi gèlè rẹ̀ wé e. Irun tó yà gbẹ̀yìn ṣì wà lára rẹ̀. N kò lè yọ ọ́. Kí Alàgbà má gbé e fún ẹlòmíràn àfi Dora, kó má sì fi ránṣẹ́ sí i. Dora, wá gbà á. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé e lé Aníwúrà lọ́wọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Igbodigo, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, 1972.

Ambrose A. Àríyọ̀

Àwọn tó rí i bí mo ti ń fọwọ́ sí i:
Agatha Ọmọ́túndé, aránṣọ
Adébọ̀wálé Jẹ́jẹ́lọlá, àgbẹ̀ (ìka ló tẹ̀)