Orí Fóònù Mi Ni Kóòdù Gbogbo Wọn Ń Wọlé Sí

Èmi ni mo ka nọ́ńbà yẹn fún un. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, torí tí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ara mi ni màá kàn máa dá láre. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́, agbègbè Ìlá níbí ò tóbi, ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀ mí kó tó kà á dé ìdajì.

Akọ̀wé ni mí ní department kan ní yunifásítì kan ní agbègbè wa níbí. Lọ́dún yìí ni àwọn aláṣẹ ní àwọn ń pa ímeèlì àtijọ́ tì, pé kí gbogbo staff kó lọ sí tuntun. Password kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wa, wọ́n ní kí kálukú yí tiẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ ò yí i. Lẹ́yìn password, ímeèlì tuntun yìí á tún fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù, kóòdù ni wọ́n ń pè é, tí o ò bá tẹ̀ ẹ́, o ò lè wọlé. Fóònù tìrẹ ló yẹ kó wọlé sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwọn àgbà wa... ta ló fẹ́ máa wá awò ojú kiri nítorí kóòdù? Wọ́n ní kí n bá àwọn fi nọ́ńbà fóònù tèmi sí i, tó bá ti wọlé àwọn á máa pè mí. Mo fi sí i. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní wọ́n fọkàn tán mi. Bó ṣe di pé mò ń jẹun, kóòdù wọlé nìyẹn, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kóòdù wọlé, mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti Òkè-Ìlá, ẹnìkan ń pè pé kí n tètè kà á fún òun.

HOD wa, Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè wọ́n, àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Àwọn ló wá iṣẹ́ yìí fún mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú, àwọn ló ń rán àwọn àbúrò mi níléèwé, iṣẹ́ mi gan-an ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọwọ́ wọn ló wà. Àǹtí kan wà tí wọ́n jẹ́ lecturer lọ́dọ̀ wa, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, bàbá wọn ń gbin iṣu àti obì ní abúlé kan lẹ́yìn Òkè-Ìlá. Tí iṣu tuntun bá ti jáde, Àǹtí á gbé e wá sí ọ́fíìsì, a ó sè é, a ó fi epo jẹ ẹ́. Bọ̀ọ̀dá ló máa ń jẹ jù.

Àǹtí wá rí scholarship láti lọ ka PhD lókè òkun. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún yunifásítì wa, Àǹtí ló mú un. Ẹni tó ṣìkejì, tó jẹ́ pé tí Àǹtí bá ní àwọn ò lọ, òun ló kàn, àkọ́bí Bọ̀ọ̀dá ni, lecturer lòun náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan, kóòdù wọlé, orúkọ Àǹtí ló wà lára ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá ló sì pè mí. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn, pé àwọn tó ń bójú tó ímeèlì ní kí HOD wò ó bóyá lẹ́tà kálukú ti kó dé tán. Obì wà lẹ́nu wọn, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rún un. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo mọ̀ ọ́n... ṣùgbọ́n àbúrò ìyá ẹni, ọ̀gá ẹni, alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, báwo lẹ ṣe máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ta ló kọ́ ọmọ nírú ẹ̀ nílé wa? Mo kà á. Wọ́n ní Olúwa á bù kún mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Àǹtí wọ ọ́fíìsì mi, ojú wọn ti wú. Àwọn òyìnbó tó fún wọn ní scholarship kọ̀wé pé ó dun àwọn pé Àǹtí ní àwọn ò wá mọ́. Lẹ́tà tí Àǹtí ò kọ, láti inú ímeèlì wọn ló ti lọ, ọ̀sán Tuesday yẹn, àwọn náà ò sì tíì yí password wọn padà. Èmi ò ka kóòdù wọn fún ẹlòmíì lọ́jọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá nìkan ni. Gbogbo campus wá ń ṣépè fún ímeèlì tuntun, wọ́n ní ẹ̀rọ ló ya wèrè. Bọ̀ọ̀dá ló pariwo jù, ó ní ṣebí òun ti kìlọ̀. Ó pe gbogbo wa jọ, ó gbé ọwọ́ lé Àǹtí lórí, ó gbàdúrà, ó tún sunkún, omi gidi. Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mi ò pè é ní wọ́n mọ́, ẹnu mi ló kọ̀ ọ́. Ó kó mi nírìíra débi pé mo jáde kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ tó fi kọ lẹ́tà yẹn náà ló gbé lé Àǹtí lórí. Ẹnu tó fi ń jẹ iṣu bàbá Àǹtí ló fi ń ṣe àmín. Ṣé ènìyàn nìyí? Irú inú wo nìyẹn?

Wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ọmọ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé àyè Àǹtí ti di tiẹ̀. Mọ́mì mi fà mí dìde pé kí n wá jó, mo sì jó. Ara mi náà ń rí mi lára.

Lánàá ó gbé fóònù tuntun wá fún mi nílé, ńlá, nínú páálí. Ó ní tèmi ti gbó, kí n mú un fún òun kí òun fi ta ẹnìkan lọ́rẹ lábúlé, òun ń bọ̀ wá gbà á lónìí. Mọ́mì mi kúnlẹ̀ dúpẹ́. Inú fóònù tó fẹ́ gbà yẹn ni kóòdù ọjọ́ náà ṣì wà, òun àti ìpè ẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó kàn ń wojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn òyìnbó náà ti sọ fún Àǹtí pé tí wọ́n bá lè fi hàn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí pé ẹlòmíì ló kọ lẹ́tà yẹn, àwọn á tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Àǹtí ò ní nǹkan kan tí wọ́n lè fi hàn. Èmi ni mo ní in. Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ, iléèwé àwọn àbúrò mi lọ, Mọ́mì á ní mo ta àbúrò òun, wọ́n á sì bi mí pé ta ló ka kóòdù. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Àárọ̀ òní ni Àǹtí tún fi iṣu ránṣẹ́ sí Mọ́mì mi. Mọ́mì sè é. Mo fi tèmi sílẹ̀, mo wá síbi iṣẹ́.

Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni mo ti ń tẹ èyí, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kóòdù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí, ti Àǹtí ni, wọ́n fẹ́ wọlé lọ bẹ àwọn òyìnbó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti pè, mi ò gbé e. Wọ́n tún ń pè. Màá gbé e, màá ka nọ́ńbà náà fún wọn bí mo ṣe máa ń kà á... Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dá sí i, tí mo bá kà á tán, kí ni kí n tún sọ?