Ilẹ̀ Tí Mokela Yóò Sùn Sí

                                        Etíkun Kangu,
                                        Buin, Bougainville.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹsàn-án, 2023.

Laore, ọ̀rẹ́ mi tí òkun kò lè gbà lọ́wọ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní erékùṣù Shortland lọ́hùn-ún? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Eyín mi ti ń tán, ẹnu mi ṣì le. Sirubai, àbúrò Mokela lóbìnrin, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn jù nínú rẹ̀, òun ló fi í sí i.

Ọ̀rọ̀ aya mi ni. Nígbà tí ogun dí òkun mọ́ wa tí kò sí oògùn, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo fi ọkọ̀ gbé Mokela wá, ọ̀dọ̀ rẹ ló kú sí, ẹ̀yìn ilé rẹ ló sì wà títí dòní. Mo ṣèlérí fún un pé ọjọ́ tí ilẹ̀ wa bá di tiwa ni mo máa gbé e wálé. Nígbà tí a dìbò, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu kan pé a fẹ́ dá dúró, mo pa ẹlẹ́dẹ̀, mo ní ó parí. Mi ò mọ̀ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Moresby, olú ìlú àwọn tó ń ṣàkóso wa, ṣì gbọ́dọ̀ jókòó lé e kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọdún ń gorí ọdún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣòfin kan wá láti Moresby. A pa ẹlẹ́dẹ̀ fún un, ó jẹ, ó tún pọ́nka lá. Mo dìde.

"O ti jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti gbà sí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kí lẹ tún ń dìbò lé lórí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ilé aṣòfin kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ ti sọ tẹnu yín, àwa la máa sọ ọ́ dòfin."

"Tó o bá mọ̀ pé o ò tíì gbà, kí ló dé tó o fi jẹ itan?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo délé, mi ò jẹun. Mo ní màá ti kú kí wọ́n tó jókòó. Sirubai gbé kókò sísun síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní ilẹ̀ tí Mokela máa sùn sí wà lọ́wọ́ aṣòfin? Ilẹ̀ ìyá wa ni, èmi ni mo jogún rẹ̀. Àbí kí èmi náà kọ́kọ́ lọ dìbò kí n tó gba ọmọ ìyá mi wọlé?"

Laore, ọkùnrin kì í ní ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, obìnrin ló ni ín. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí n rántí. Ọ̀rọ̀ ìlú ṣì wà lọ́wọ́ aṣòfin, mi ò sì ní yé bi wọ́n. Ṣùgbọ́n Mokela ò sí nínú ohun tí wọ́n máa dìbò lé.

Bá mi kí ìyàwó rẹ tó ń gbálẹ̀ ojú oórì Mokela fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá. Bí òkun bá ti rọ̀, mò ń bọ̀ wá gbé Mokela wálé. Tí a bá fẹ́ hú u, jọ̀ọ́, ká rọra. O mọ̀ pé oorun rẹ̀ kì í wọra.

Èmi ni, tìrẹ títí ilẹ̀ á fi gbà mí,
Anugu.