Ọkùnrin Tó Yọ̀ǹda Òjìji Ara Rẹ̀: Olóògbé Tsonyo Minev Raykov (1931–2019)

Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, àti ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí nítorí wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi Bàbá yá wa fún ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún.

A bí Bàbá wa ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní ọdún 1931, ní àdúgbò Varusha ní ìlú Veliko Tarnovo, níbi tí àwọn ọba Bulgaria ti jókòó lórí ìtẹ́ láyé àtijọ́. Minyo, bíríkìlà olókùúta, ni bàbá wọn. Stoyanka ahunṣọ ni ìyá wọn. Bàbá wọn àgbà náà gbẹ́ òkúta.

Wọ́n ka ìwé dé kíláàsì keje. Ní 1949 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Bàbá Kunyo, ọ̀gá bíríkìlà. Ní 1955 wọ́n gbé ìyá wa, Velika, níyàwó. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìjọba Kọ́múníìsì kò fẹ́ rí òṣìṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá wa ń lọ, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n sì ń gbà wọlé.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1968, ògiri òkúta tó gbé ilé àtijọ́ méje dúró lókè odò Yantra wó. A tún un mọ, ó tún wó. Àwọn aláṣẹ ní bó bá wó lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn yóò wó ilé méjèèje palẹ̀.

Àwọn àgbà bíríkìlà gbà pé ògiri ń béèrè òjìji ènìyàn kó tó lè dúró. Wọn a fi okùn wọn òjìji ẹni tó ń kọjá láìjẹ́ kó mọ̀, wọn a sì mọ okùn náà sínú ògiri. Wọ́n ní onítọ̀hún kì í rékọjá ogójì ọjọ́ kó tó kú. Bàbá wa ká Bàbá Kunyo mọ́ ibi tó ti ń na okùn lẹ́yìn Elka, aboyún tó ń gbé wàrà kọjá láràárọ̀.

“Bàbá Kunyo, ẹ ká okùn yẹn kúrò lẹ́yìn aboyún.”

“Ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún ìdílé méje pé ilé wọn ti lọ?”

“Tèmi ni kí ẹ wọ̀n.”

“Orí rẹ ti dàrú, Tsonyo. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé rẹ.”

“Òjìji mi wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Okùn yín ò gùn débẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, ká padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Bàbá Kunyo wọ̀n ọ́n. Àmọ́ Bàbá wa kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún okùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ̀yìn ògiri náà, wọ́n sì rí páìpù amọ̀ tí àwọn baba ńlá ìlú wa rì síbẹ̀ láti darí omi ìsun sínú odò. Ó ti dí pa, omi tó há sẹ́yìn ògiri ló sì ń tì í wó. Wọ́n ṣí i, wọ́n mọ ògiri lé e, ògiri sì dúró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó pé ogójì ọjọ́, Bàbá Kunyo gbé àwo àlìkámà sísè onísúgà wá sílé wa, èyí tí a fi ń ṣèrántí òkú. Bàbá wa fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn.

“Ta ló kú, Bàbá Kunyo?”

“Mo ṣáà ń kọjá lọ ni.”

“Tàwo tàwo? Ẹ wọlé, ebi ń pa òkú yín.”

Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ tán. Ìyá wa kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá jókòó ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì sunkún títí àwo fi ṣófo.

Títí Bàbá wa fi fẹ̀yìn tì ní 1991, wọ́n tún ilé àtijọ́ mọ́kàndínlógún ṣe ní Tarnovo, wọ́n sì kọ́ ènìyàn méjìlá níṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọn òjìji níbi iṣẹ́ wọn.

Ìyá wa ṣáájú wọn ní 2011. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá 2019, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí ènìyàn dá fún wọn. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ, Minyo, Rayna àti Petkana, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje àti àrọ́mọdọ́mọ mẹ́rin. Elka wà láàyè, ọmọbìnrin tó bí lọ́dún 1968 yẹn sì ti ní òun yóò wà lára àwọn tí yóò gbé pósí.

Bàbá, ẹ sùn re o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run dúró lọ́wọ́ ọ̀tún yín, kí ohun tí ẹ bá fi òógùn kọ́ má wó lójú yín. Àmín.