Ogún Ìṣẹ́jú Tí Mo Fi Dákẹ́

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Níbi ìpàdé ẹbí l'Ókè-Ogbó lónìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi di àyà mú, òógùn bò wọ́n. Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọkàn, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, ara ọkàn ló ń kú.

Ṣùgbọ́n olórí ẹbí ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, èmi sì ni mo kéré jù níbẹ̀. Mo bẹ̀rù kí wọ́n má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó kí n tó dìde gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí a débẹ̀, dókítà bi mí pé, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Kò tíì pẹ́."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti lajú báyìí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Ọmọ mi, ìwọ lo gbà mí là."

Mo tún dákẹ́.