Ìkúnlẹ̀ Ọmọbìnrin inú Tẹlifíṣọ̀n

Agbo-ilé Ràmọ́nì,
Tẹ̀dé.
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá.

Mùyìbátù ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Samsudeen, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà, ṣé Èkó kò le jù? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ àlọ yín, yóò ṣọ́ àbọ̀ yín, ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé yóò máa ta bí iṣu ilẹ̀ tuntun. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Òjò ti rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti yọ, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì. Ìwé ni mo kọ nítorí pé lórí fóònù, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn ni ó ti máa ń já, ìwé kì í já. Ọmọ Àyìnkẹ́ tó ń wa ọkọ̀ Èkó ni yóò mú un wá pẹ̀lú àpò iṣu kan.

Ọ̀rọ̀ àpótí géèmù tí ẹ fún mi ni mo fẹ́ rò fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé láti Iléyá èṣí ni orúnkún ọ̀tún mi ti kọ̀ mí, tó fi jẹ́ pé orí àga ni mo ti ń kírun. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa ṣe eré ìdárayá kí ẹran ẹsẹ̀ lè ran orúnkún lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àga yẹn ń dùn mí ju orúnkún lọ. Gbogbo èrò mọ́ṣáláṣí á forí kanlẹ̀, ẹ̀yìn wọn á tò lọ bí ebè, èmi nìkan á wá nà róró láàrin wọn bí ọ̀pá iṣu. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí Iléyá tó tún dé, kí iwájú orí mi tún kan ilẹ̀.

Samsudeen so àpótí náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fún un níná láti ara sólà, ó ní ojú dúdú kékeré tó wà lókè rẹ̀ yóò máa wò mí, ohun tí mo bá ṣe yóò sì máa dé orí fóònù rẹ. Mo ní kí ló dé tí a ó fi máa ṣọ́ mi bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, ìyá rẹ ní kí n dákẹ́, pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀rọ náà wá bi mí ní ọjọ́ orí. Mo sọ fún un pé ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo tán ni wọ́n bí mi. Èyí kò yé e. Samsudeen ló bá mi tẹ méjìdínláàádọ́rin. Ẹ̀rọ ní kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo gbé e, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ni ẹ̀rọ bá ní ara mi ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mùyìbátù, bàbá mi pàápàá kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kó tó lọ!

Kí Samsudeen tó padà, ó fi ọmọbìnrin òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n tí yóò máa kọ́ mi hàn mí. Ìyá rẹ ló mọ bọ́tìnnì tí a fi ń pè é, èmi kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà kò da nǹkan kan borí, ṣòkòtò rẹ̀ sì fún mọ́ ọn lára bí èèpo ṣe mọ́ iṣu, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Bí ó ti rí mi báyìí, ó na ọwọ́ síwájú, ó fẹ́ kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ Tẹ̀dé ìsinsìnyí, orí ọ̀kadà ni wọ́n ti ń juwọ́ sí àgbà, òyìnbó wá ń kí mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó mu ẹ̀kọ! Mo jókòó dáadáa, mo ń dá a lóhùn. Mo ní pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere, dìde, ó tó. Kò gbà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jókòó gba ìkíni láràárọ̀, àdúrà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu mi.

Ìgbà náà ni o pè, tí o ní kò sí ohun kankan lórí fóònù rẹ ju ọkùnrin kan tó jókòó lọ. O ní ọmọ náà kò kí mi rárá, èmi ni kí n máa ṣe bí ó ti ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Èmi Ràmọ́nì, kí n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí? Ọkùnrin kì í tilẹ̀ kúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa. Mo da aṣọ bo ojú dúdú náà, n kò wo ibẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, tó jẹ́ Jímọ̀, ìyá rẹ gbé àga ìkírun mi jáde bí ó ti máa ń ṣe, ó wá dúró, ó ní bàbá Mùyìbátù, ta ni ẹ rò pé ẹ fẹ́ kúnlẹ̀ fún? Ó ní orúnkún yín ni ẹ ṣẹ̀, òun ni kí ẹ bẹ̀, ọmọ yẹn kàn ń bá yín bẹ̀ ẹ́ ni. Mo ro ogójì ọdún tí mo ti fi orúnkún yẹn kọ ebè láìkí i kú iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ká aṣọ kúrò lójú dúdú, tí mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo di ògiri mú, mo bẹ orúnkún lẹ́ẹ̀mejì, ó ké bí ilẹ̀kùn àká. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí mo bá ṣe é dáadáa, ìràwọ̀ á tàn lójú tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan tí n kò rí á pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ìyá rẹ dúró tì mí, a jọ ń ṣe é, bí ẹ̀rín bá sì pa á, èjìká mi ló máa ń dì mú.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Sátidé tí o pè tayọ̀tayọ̀, tí o ní o rí i pé mo nà gbalaja mo fi apá gbé ara mi sókè nígbà ogójì, èmi kọ́. Ewúrẹ́ Ṣùkúrù àbúrò mi ló jẹ èbù iṣu tí mo kó sẹ́yìnkùlé, Ṣùkúrù sì kó ènìyàn mẹ́rin wá bá a bẹ̀ mí. Ẹ̀rọ wà ní títàn. Bí wọ́n ti dọ̀bálẹ̀, ìràwọ̀ tàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ nínú ẹ̀rọ. Mo tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n rò pé inú ṣì ń bí mi, wọ́n dìde, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, ìràwọ̀ tún tàn. Mo ti dárí jì í láti ìgbà àkọ́kọ́, mo kàn fẹ́ wo iye tí ẹ̀rọ máa kà dé ni. Nígbà tí yóò fi di ogójì, Ṣùkúrù ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé èbù nìkan ni ewúrẹ́ yìí jẹ ni, àbí ó jẹ ilé mọ́ ọn? Ìyá rẹ sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín.

Iléyá wá dé. Ìyá rẹ gbé àga dání lọ sí yídì, mo ní kó gbé e sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Nígbà tó kan ìforíkanlẹ̀, mo rọra lọ sílẹ̀ bí ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ mi, orúnkún dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Iwájú orí mi kan ilẹ̀. Mo gbóòórùn erùpẹ̀ lábẹ́ ẹní, òórùn tí mo ti gbàgbé fún odidi ọdún kan. Ṣùkúrù ti múra láti fà mí dìde, kó tó na ọwọ́, mo ti dúró. Nígbà tí a kírun tán tí mo wẹ̀yìn, ìyá rẹ ló jókòó sórí àga mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ ní ara mi ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta báyìí. Ṣùkúrù jẹ́ márùndínláàádọ́rin. Má jẹ́ kó gbọ́ pé òun ti di ẹ̀gbọ́n mi, kó má baà ní kí n san ìdọ̀bálẹ̀ ogójì padà.

Jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, nítorí sólà kì í lágbára bí òjò bá ṣú, àti owó bàtà kanfáàsì fún ìyá rẹ, ó ní sálúbàtà ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ òun. Ìborùn kan wà nínú àpò iṣu, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún. Ti ọmọbìnrin inú tẹlifíṣọ̀n ni, bá mi wá ọ̀nà kó dé ọwọ́ rẹ̀. Sọ fún un pé mo kí i, kó sì máa sinmi.

Ẹsẹ̀ tí o fi jáde nílé kò ní kọ̀ ọ́ lọ́nà. Bí o ṣe tọ́jú orúnkún mi, àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú tìrẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì.

Mo tún rántí: pa ogójì yẹn rẹ́ lórí fóònù rẹ. Kí o fi mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, torí ìforíkanlẹ̀ mẹ́rin ni mo ṣe ní yídì, ojú dúdú kò sì sí níbẹ̀ láti kà á. Mẹ́rin yìí, tèmi ni.