Sípíkà Tí Bàbá Rẹ Fi Lẹ́tà Rẹ Lẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn tí ẹ jọ ń gbé ńkọ́? Mo kí ọ kú ìgbòkègbodò. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ojú rere ni ọ̀gá rẹ yóò máa fi wò ọ́. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara wa le, àfi orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí orúnkún ni mo ṣe mú bírò. Jókòó kí o tó ka èyí. Bàbá rẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí etí wọn ti di ni wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún sípíkà ṣe pa, wọ́n ní ẹni tí kò gbọ́ràn kò lè tún ohun tó ń sọ̀rọ̀ ṣe. Tí o bá pè, èmi ni wọ́n máa ń na fóònù sí, wọn á sì bọ́ síta. O rò pé inú ló ń bí wọn sí ọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ó ti di ọdún méjì tí wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn, ó sì ń dùn wọ́n dé egungun.

Àfi bí ọ̀gá ilé ìwé ṣe ní òun máa ju sípíkà ńlá inú gbọ̀ngàn sórí ààtàn. Bàbá rẹ ń kọjá lọ ni tiwọn, wọ́n rí i tí wọ́n ń wọ́ ọ jáde, wọ́n ní kí ọ̀gá náà má dán an wò. Ọkùnrin méjì ló bá wọn gbé e wálé. Wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní irin òòfà rẹ̀ ṣì le, wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ló já, wọ́n wá jókòó, wọ́n ń wé tuntun, wọ́n ń ka iye ìgbà tí wọ́n wé e sókè bí ọmọ iléèwé. Inú mi dùn débi pé èmi náà fẹ́ ṣèrànwọ́. Mo rí bébà dúdú tó rí bí àwo nínú sípíkà náà, eruku ti bò ó, mo bá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sá a sóòrùn. Àṣé wọn kì í fọ̀ ọ́.

Bébà náà ya káàkiri. Bàbá rẹ wò mí, wọ́n wo bébà náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá gọ́ọ̀mù. A wá ohun tí a máa fi lẹ̀ ẹ́ yíká ilé, ìwé ìròyìn fúyẹ́ jù, páálí wúwo jù. Ìgbà yẹn ni mo rántí àwọn lẹ́tà tí o ń kọ sí wa kí o tó ra fóònù, pé bébà wọn nípọn. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tí o fi sọ pé o ti ríṣẹ́. Ìyókù ni wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yípo. Tí o bá wò ó báyìí, wàá rí "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" níbì kan, wàá rí "ẹ má bínú" níbi púpọ̀.

Wọ́n so ó mọ́ rédíò. Èmi gbọ́ o, àwọn ńkọ́? Wọ́n rọra fi àtẹ́lẹwọ́ lé bébà náà, wọ́n dijú, wọ́n ní obìnrin ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin ni lóòótọ́. Wọ́n ní ọkùnrin ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin ni. Mo bá ń fò sókè, wọ́n ní kí n dúró jẹ́ẹ́, pé ẹsẹ̀ mi ò jẹ́ kí àwọn gbọ́ràn.

Ni mo bá gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, pé kó bá mi so ó mọ́ sípíkà wa. Ó ní sípíkà ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọkùnrin méjì gbé tí wọ́n ń làágùn, ṣé inú nǹkan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí bísíkíìtì ló máa wọ̀? Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù àtúnṣe fóònù. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ àléébù sí, mo kọ orúnkún mi sí i, n ò fẹ́ purọ́.

Wáyà tó máa so méjèèjì pọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju agbára mi lọ. Jọ̀ọ́, fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí o bu ti oògùn orúnkún lé e. Má fi gba inú fóònù o, ó ti ń kọ ọ́ síta pé inú òun ti kún, kò sí àyè tí owó máa wọ̀ sí.

Elédùmarè á máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, o ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Tí mo bá ti ra wáyà náà, máa retí ìpè wa ní ọjọ́ Sátidé. Má yára sọ̀rọ̀, má sì kọ́kọ́ kí mi. Bàbá rẹ ni kí o pè. Àárín gbùngbùn bébà náà ni wọ́n lẹ ibi tí o kọ "Bàbá mi ọ̀wọ́n" sí, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ wọn máa wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.