Ẹja Tí Ẹ̀rọ Ní A Kò Fẹ́

Ẹnu Odò, Alaska.
Oṣù Kẹfà.

Lukeria ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí yàrá rẹ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú Anchorage níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì inú ọ̀rá yẹn náà lo ṣì fi ń panu? Ọlọ́run tó mú wa la òtútù ọdún yìí já, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní ìlú tí àwọn ènìyàn ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìmọ orúkọ ara wọn. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò dùn ún, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìwé jáde síta láti kọ lẹ́tà yìí.

Owó tí o ní o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, wọ́n ní ó dé, àwa ò rí i. Bàbá rẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóònù náà pe ènìyàn, ó ní bí a bá ń ṣí i ṣáá, owó á gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù gbà á wò, ó ní owó ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì fún wa ní epo ọkọ̀ ojú omi dípò rẹ̀. Epo náà ti wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí o fi í sí nígbà tí o wá, ohun tó mú mi kọ̀wé sí ọ nìyẹn.

Wọn kò jẹ́ ká ju àwọ̀n, Lukeria. Òwú ti ń fò lára àwọn igi etí odò, o sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ẹja sámọ́ọ̀nù ti wọ odò. Mo dúró létí omi láàárọ̀, mo ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá, èmi tí mo ti ń la ẹja láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti lè di ọ̀bẹ mú, mo dúró bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Rédíò pe gbogbo abúlé etí òkun, ó sọ ọjọ́ tí oníkálukú lè ju àwọ̀n, ó fo tiwa. A rò pé ẹni tó ń kà á fẹ́ mumi ni. A dúró dè é títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí o má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Wassillie aládùúgbò wa, nítorí mo mọ̀ pé ó máa ń pe ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín. Yìnyín ṣì bo odò nígbà tí fóònù dún. Ọmọbìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, kò kí mi. Mo ní ọmọ ta ni ọ́, ó ní òun kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ọmọdé bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ ti di. Ó ní láti ọ́fíìsì tó ń pín ẹja lòun ti ń pè, ẹja mélòó ni ilé mi fẹ́ pa lọ́dún yìí, kí n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ lára fóònù.

Ìwọ náà wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀, ẹja wà lókun jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹnìkan wá ní kí n máa ka iye tí n ó pa nínú wọn. Ta ló tọ́ ọmọ yẹn? Ẹja ń gbọ́. Ẹni tó bá ti fi ẹnu pa wọ́n kí wọ́n tó dé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń yà sí. Ìyá mi tí o ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bó bá ń pọ́n ọ̀bẹ, kì í tilẹ̀ dárúkọ wọn, á ní nǹkan kékeré kan lòun fẹ́ gé. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ohun tó bá wá là ń gbà. Ó ní òun kò gbọ́. Mo pariwo. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà. Nígbà tí mo rí i pé kò ní fi mí lọ́rùn sílẹ̀, mo wá nọ́ńbà tí kò ní ìgbéraga nínú, mo tẹ òdo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé kiri. Àwọn ará abúlé ń sáré wá bá mi, kí ni kí àwọn sọ, ṣebí èmi ni àgbà tó ṣì ń rìn. Mo ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí wọ́n tẹ òdo. Gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. Wassillie náà tẹ̀ ẹ́, Wassillie tí kì í sọ̀rọ̀ ẹja kó má na ọwọ́ méjèèjì títí tí wọn ò fi ní gba ẹnu ọ̀nà.

Ọ́fíìsì wá ní àwọn ti bi wá, a sì ti fẹnu ara wa sọ pé a kò fẹ́ ẹja kankan, wọ́n kó ìpín wa fún àwọn ọkọ̀ gàgàrà tó wà níta òkun. Mo ń rí iná wọn láti ojú fèrèsé. Àwọn yẹn kò tẹ òdo o! Ẹni tí kò mọ odò tí ẹja ń lọ sọ pé iye báyìí-báyìí lòun fẹ́, wọ́n bu fún un, àwa tí a bọ̀wọ̀ fún ẹja, wọ́n ní a ò jẹ ẹ́. Inú bí mi débi pé iyọ̀ ni mo bù sínú tíì bàbá rẹ lánàá. Ó mu ún tán, ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Ẹni tí mo sì rò pé yóò tù mí nínú, Wassillie, jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé, ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, pé èmi ni mo kọ́ gbogbo abúlé ní ìdákẹ́. Mo bi í pé ṣé èmi ni mo di ìka rẹ̀ mú. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún mi ni. Ṣé o rí i? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀gbẹ́ni yìí, kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí, àfi lọ́jọ́ tí kò yẹ kó gbọ́.

Obìnrin ṣọ́ọ̀bù ló wádìí pé wọ́n máa ń gbọ́ ẹjọ́ lórí fóònù. Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wa kó jọ sí gbọ̀ngàn, a gbé fóònù sórí tábìlì. Wọ́n ní ká dúró, wọ́n sì ń kọrin fún wa. Orin yẹn gùn. Bàbá rẹ ní ìgbéyàwó ló ń lọ lọ́wọ́ lọ́fíìsì wọn, pé kò dára ká máa yọ wọ́n lẹ́nu, ó fẹ́ pa fóònù. Mo gbá a lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan bọ́ síbẹ̀, ohùn rẹ̀ dára, ó tilẹ̀ kí wa, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo ní, kí n sọ iye ẹja tí abúlé fẹ́.

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo wo àwọn ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, mo rántí ìgbà òtútù tí ẹja tán tí a ń jẹ ẹran inú agolo, tí àwọn ajá pàápàá ń wò wá tàánútàánú. Mo fẹ́ sọ ọ́, Lukeria, mo yanu, kò jáde. Omi wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn gan-an, ẹja ń kọjá lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo wá sọ fún un pé n kò lè ka ẹja fún un, ṣùgbọ́n mo lè pe àwọn tí yóò jẹ ẹ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà n kò kà wọ́n, orúkọ ni mo ń pè. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó wà nísàlẹ̀ odò. Mo pe àwọn arúgbó méjì tó wà lórí ibùsùn, tí ẹja àkọ́pa gbogbo ọmọ abúlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo pe àwọn ọmọ, mo pe èyí tó ṣì wà nínú oyún, mo ní kó fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ rẹ̀. Mo pe àwọn ajá. Ọkùnrin náà kò dá mi dúró, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kọ ọ́, àfi bí aago kan ṣe dún. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ màmá, àkókò ti tán, nọ́ńbà lòun bi yín. Mo ní kó jẹ́ kí n dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù ti kú. Ẹnu ọ̀nà Wassillie ni mo dé, ó sì ti ń sọ kiri pé ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fo òun.

Ìjókòó kan ló kù, Anchorage níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣe é, ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nínú ọ́fíìsì wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ọdún tó ń bọ̀, ẹja á sì ti kọjá. Owó ọkọ̀ òfuurufú ju agbára wa lọ, ìwọ lo máa lọ. Má sọ fún mi pé o níṣẹ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ló rán ọ, bí òun náà bá ní ìyá, á yé e. Má wọ bàtà onígìgísẹ̀ tó ń ta kọ́ kọ́ kọ́ yẹn. Mo di ẹja gbígbẹ mọ́ lẹ́tà yìí, òun ló gbẹ̀yìn nínú ilé, kì í ṣe tìrẹ. Fún ọkùnrin ohùn rere yẹn kó jẹ ẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹja bá wà lẹ́nu rẹ̀ kò ní lè tètè sọ pé àkókò ti tán. Bí o bá rí ọmọbìnrin tí kò gbọ́ràn yẹn, bù fún òun náà.

Bí wọ́n bá ṣì ní nọ́ńbà làwọn fẹ́, ìwọ sọ ọ́, ó ti mọ́ ẹnu tìrẹ lára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Wassillie ní odò ẹlẹ́ja kan ń gba àárín ìlú yẹn kọjá, nítorí náà kọ́kọ́ ti fèrèsé, kí o sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Má kọ iye rẹ̀ sí mi.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, inú àpòòwé ni kí o fi í sí, kì í ṣe inú fóònù. Iyọ̀ ni mo fẹ́ rà àti okùn tí a ó fi tún àwọ̀n ṣe. Bàbá rẹ ní òun fẹ́ tábà, má dá a lóhùn. Bí wọn kò bá sì fún wa ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé owó oúnjẹ la ó máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ títí yìnyín ọdún tó ń bọ̀ yóò fi yọ́, mi ò sì fẹ́ di irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Bí o bá ń bá mi pe orúkọ tó kù, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Wassillie, kó lè jẹ́ ká sinmi. Bí o bá dé orí ilé wa, pe bàbá rẹ, pe èmi, kí o pe ara rẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní o kì í gbé níbí mọ́, bi í léèrè ẹja ta ló wà nínú fíríṣà rẹ. Láti ọdún tí o ti lọ, n kò la ẹja rí kí n má la tìrẹ mọ́ ọn, bóyá o wá, bóyá o kò wá. Inú ahéré tí a ti ń yan ẹja ti tutù báyìí. Mo ń wọ ibẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Má jẹ́ kí Wassillie gbọ́ o, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, nítorí ẹnu mi ni gbogbo wọn gbọ́.

Ọlọ́run yóò bá ọ gbé ẹsẹ̀ wọ ilé náà. Ohùn rẹ kò ní há, ojú kò ní tì ọ́ láàárín wọn, aago wọn kò sì ní dún títí wàá fi dé orí orúkọ ara rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agafia.